Aṣọ Àgbà, Àkísà Àgbà: Òwe Kan àti Àwọn Ọ̀dọ́ Awakọ̀ Ìje

“Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.” Ní Ìsẹ́yìn, ìlú aṣọ òfì ní Òkè-Ògùn, ìtumọ̀ òwe yìí kò jìnnà sí ojú. Ọmọ ọdún 12 tí bàbá rẹ̀ rí ṣe lè wọ sányán, àlàárì tàbí ẹtù lọ́jọ́ ìnáwó, kí aṣọ rẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú ti baálé ilé. Owó ló rà á, ahunṣọ ló hun ún. Ṣùgbọ́n kò sí òfì tí wọ́n ti ń hun àkísà. Ara lílò ni àkísà ti ń wá: aṣọ tí a wọ̀ rìnrìn àjò, tí òjò pa mọ́ni lára, tí a fi ṣòkú, tí a fi sọmọ lórúkọ, tó gbó títí ó fi di ohun tí a fi ń sọ ìkòkò gbígbóná kalẹ̀ lórí iná.

Òwe náà pín ohun ìní ẹ̀dá sí ọ̀nà méjì. Aṣọ dúró fún ohun tí a lè bí mọ́ni, tí a lè fúnni, tàbí tí a lè fowó rà: ẹ̀bùn, ipò, irinṣẹ́, òkìkí. Àkísà dúró fún ìrírí, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè yá ẹlòmíràn. Òwe yìí kò sì fojú di ọmọdé, torí pé ó ti kọ́kọ́ gbà pé aṣọ ọmọdé lè tó ti àgbà. Eré ìje ọkọ̀ Formula 1, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gba ipò àgbà lójú gbogbo ayé, fi apá méjèèjì hàn.

Ní ti aṣọ, kékeré ni wọ́n ti ń rán an fún wọn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Lewis Hamilton, ọmọ Stevenage ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sá ìje nínú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní kart. Ní 1998, ó di ọmọ 13, ilé-iṣẹ́ McLaren sì gbà á sábẹ́ àbójútó. Inú agbo ìje ni wọ́n bí Max Verstappen sí: bàbá rẹ̀ wa Formula 1, ìyá rẹ̀ sì sá ìje kart. Ní March 2015, ní Melbourne, ó wọ Formula 1 ní ọmọ ọdún 17 àti ọjọ́ 166. Kò tíì ní ìwé àṣẹ tí yóò fi wakọ̀ lójú títì nígbà náà. Bó bá jẹ́ Ṣakí ní Òkè-Ògùn ló ń gbé, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ì bá ní kó lọ dúró títí yóò fi pé 18. Nígbà tó di 15 May 2016, ó gba ipò kìíní ní Spéènì ní ọmọ ọdún 18 àti ọjọ́ 228. Ẹni tó kéré jù lọ tó borí ṣáájú rẹ̀ ni Sebastian Vettel, ọmọ Jámánì, tó jẹ́ ọmọ 21 ní Monza, ní Ítálì, ní 2008.

Okùn kan nínú irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Ugo Ugochukwu, tí wọ́n bí ní New York ní 2007, jẹ́ ọmọ Oluchi Onweagba, ọmọ Nàìjíríà tí òkìkí rẹ̀ kàn nídìí àfihàn aṣọ. Ọ̀dọ́ awakọ̀ náà gba ife Euro 4, ọ̀kan lára ìdíje ìpele ìsàlẹ̀, ní 2023. Ní November 2024, ó borí nínú ìje Macau ní ọmọ ọdún 17, ní ojú ọ̀nà tóóró tí ògiri há mọ́ra, níbi tí Ayrton Senna àti Michael Schumacher ti borí kí wọ́n tó di ìlú-mọ̀ọ́ká.

Àkísà kì í bá aṣọ wọlé lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn ayọ̀ Spéènì, Verstappen fi ọkọ̀ gbá ògiri ní Monaco nígbà tí wọ́n ń sáré fún ipò ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tún gbá a nínú ìje gan-an. Ní Fuji, ní Japan, ní 2007, Vettel, ọmọ 20, wà ní ipò kẹta nínú òjò. Gbogbo ọkọ̀ ń rọra tẹ̀ lé ọkọ̀ aṣíwájú tó ń dín eré kù, ibẹ̀ ló ti kọ lu ọkọ̀ Mark Webber, awakọ̀ tó wà níwájú rẹ̀, lẹ́yìn. Kimi Antonelli, ọmọ Ítálì, pé 18 ní 25 August 2024. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ Mercedes gbé ọkọ̀ fún un ní Monza fún ìdánrawò. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi gbé e kọ lu ògiri. Lọ́jọ́ kejì, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé òun ni yóò jókòó sí àyè tí Hamilton ń fi sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2025. Wọ́n mọ̀ pé aṣọ náà bá a mu. Èyí tó gbó lára rẹ̀ ló ṣì kéré.

Àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù ni ti Hamilton. Ní October 2007, ní Shanghai, ọmọ 22 ni, ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú Formula 1 nìyẹn, ó sì ń ṣáájú gbogbo àgbà nínú ìdíje adé àgbáyé. Pápá ti ń gbẹ lẹ́yìn òjò, ṣùgbọ́n táyà òjò ló ṣì wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀. Táyà náà jẹ títí okùn fi yọ lára rẹ̀. Nígbà tó yà láti lọ pààrọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ yọ̀, ó sì rì sínú òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ibi ìpààrọ̀ táyà gan-an. Ìje rẹ̀ parí síbẹ̀. Nígbà tí ọdún yóò fi parí, pọ́ìntì kan ṣoṣo ni Kimi Räikkönen fi gba adé àgbáyé mọ́ ọn lọ́wọ́: 110 sí 109.

Ọdún 13 kọjá. Ní 15 November 2020, ní Istanbul, òjò tún rọ̀, Hamilton sì ti di ọmọ 35. Táyà kan náà ló fi yípo pápá ní ìgbà 50, títí ilà ara rẹ̀ fi parẹ́, tó ń dán bí orí apárí. Ó kù díẹ̀ kí ìje parí, àwọn ẹnjiníà rẹ̀ fẹ́ kó wọlé wá pààrọ̀ rẹ̀. Ó kọ̀, ó rántí ohun tó bá a lẹ́nu ọ̀nà ní Shanghai. Ó borí, ó sì gba adé àgbáyé keje. Táyà tó jẹ ló pa á lẹ́kún ní 2007. Táyà tó jẹ náà ló gbé e dé orí ìtẹ́ ní 2020. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni Yorùbá ń pè ní àkísà.

Àjọ FIA, tó ń darí eré ìje ọkọ̀ lágbàáyé, ti sọ èrò inú òwe yìí di òfin. Lẹ́yìn tí Verstappen wọlé ní ọmọ 17, àjọ náà pinnu láti 2016 pé ẹni tí yóò wa Formula 1 gbọ́dọ̀ pé 18, kó ti sá ìje fún ọdún méjì ní ìpele ìsàlẹ̀, kó sì ti kó pọ́ìntì 40 jọ níbẹ̀. Àgbà kì í béèrè bóyá aṣọ ọmọdé dára. Ó ń béèrè bó ti gbó díẹ̀.

Òwe mìíràn wà tó dà bí ẹni pé ó ta ko èyí: “Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun.” Wọn kò jà. Ọwọ́ wíwẹ̀ ni iṣẹ́ tí ọmọdé ń ṣe láti ìgbà kart kó tó dé ìdí àwo. Àkísà ni ohun tí ọwọ́ rẹ̀ yóò kọ́ lẹ́yìn tó bá ti jókòó tì í.

Nítorí náà, ibi méjì ni òwe àkísà ti ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀dọ́ ọlọ́kadà kan bá gun ọ̀kadà tuntun jáde ní Ìsẹ́yìn, tó fẹ́ fi eré bá àwọn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gun ọ̀nà Ṣakí díje, a pa á fún un pé àwọn yẹn ti mọ ibi tí iyanrìn dà sí, àti ibi tí màlúù ti ń sọdá nígbà ọyẹ́. Bí àgbà bá sì fẹ́ gba ọ̀kadà náà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan, a pa á fún òun náà: ìṣubú yẹn ni àkísà àkọ́kọ́ tí ọmọ náà ní.