Houston Ni Tàbí Dallas?

Bí ẹbí kan bá fẹ́ kó lọ sí Texas ní Amẹ́ríkà, àríyànjiyàn kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀: Houston ni tàbí Dallas? Àwọn Yorùbá wà ní méjèèjì, ooru sì ń mú ní méjèèjì. Ti Houston lọ́rinrin bíi ti Èkó, nítorí ó súnmọ́ òkun. Ti Dallas gbẹ díẹ̀.

Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́, ti ọkọ àti ti aya. Iṣẹ́ epo rọ̀bì àti ti ilé ìwòsàn pọ̀ ní Houston. Ti báńkì àti kọ̀ǹpútà pọ̀ ní Dallas. Nǹkan bí 385 kìlómítà ló wà láàárín wọn, kò ṣeé lọ ṣeé bọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má jẹ́ kí ìdílé pín sí méjì nítorí owó oṣù.

Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè nípa àgbàrá. Ní ọdún 2017, òjò ìjì Harvey wọ ọ̀pọ̀ ilé ní Houston tí omi kò wọ̀ rí. Ìbánigbófò ilé lásán kì í sanwó omíyalé. Ọ̀tọ̀ là ń ra tiyẹn. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gba ilé háyà fún ọdún kan. Ẹ rí òjò ìlú náà kí ẹ tó ra ilé níbẹ̀.