Ẹ yé bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ Yorùbá

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé fídíò ìṣẹ́jú kan síta. Mo kàn ń ṣàlàyé ìgbà tí wọ́n ń kí èèyàn ní "ẹ kú ewu" àti ìgbà tí wọ́n ń kí i ní "ẹ kú oríire" ni. Hìjáàbù mi wà lórí mi bó ṣe máa ń wà. Kọ́mẹ́ǹtì tí wọ́n láìkì jù níbẹ̀: "Yorùbá ẹ dùn gan-an o, sister, níbo lo ti kọ́ ọ?"

Ìwó ni. Nínú ilé tí wọ́n bí bàbá mi sí.

Ẹlòmíì tiẹ̀ là á mọ́lẹ̀ ní tiẹ̀: ẹ̀sìn Fúlàní la gbé rù, ká padà sí Yorùbá wa. Ìyẹn ò dùn mí tó ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bú mi, mo mọ bí mo ṣe máa fún un lésì. Ẹni tó ń yìn mí bí àlejò nílé bàbá mi ńkọ́? Kí n ní "ẹ ṣé"?

Ó yá, ẹ jókòó. Ó máa gùn díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé ara Mali ni wọ́n ti yọ orúkọ náà "Ìmàle", torí apá ibẹ̀ ni ẹ̀sìn yìí ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Kí Usman dan Fodio tó bẹ̀rẹ̀ ogun rẹ̀ ní 1804, Mùsùlùmí ti wà ní Ọ̀yọ́ Ilé. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé Àfọ̀njá àti Àlímì nìkan lẹ mọ̀ nínú ìtàn Ìlọrin, ẹ lọ ka ti Ṣọlágbérú. Yorùbá ni, Mùsùlùmí ni, òun ni olórí Òkè Sùnà. Abdusalam ọmọ Àlímì ló pa á nígbẹ̀yìn. Tí Ìmàle àti Fúlàní bá jẹ́ nǹkan kan náà, kí ló dé tí wọ́n pa á?

Ẹ tún wo òkè òkun. January 1835, nínú oṣù Ramadan, àwọn ẹrú dìde ogun ní Salvador, ní Brazil. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn Mùsùlùmí ló sì ṣáájú. Wọ́n bá ìwé Lárúbáwá nínú tírà tí wọ́n so mọ́ra. Malê ni àwọn ará Brazil ń pè wọ́n títí dòní. Ìmàle yẹn náà ni. Ọdún 1842 ni àwọn míṣọ́nnárì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Badagry. Mi ò fi du ipò pẹ̀lú ẹnikẹ́ni o. Mo kàn ní kí ẹ yé béèrè ìgbà tí mo dé lọ́wọ́ mi ni.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù: nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn èèyàn ni wọ́n lò. Àdúrà. Àlàáfíà. Wòlíì. Àlùfáà. Wàásù. Gbogbo wọn ló gba ẹnu Ìmàle wọ inú èdè wa. Pásítọ̀ tó bá ń wàásù lórí TikTok pé ká lé ẹ̀sìn Lárúbáwá kúrò nílẹ̀ Oòduà, kí ló ń ṣe yẹn? Ó ń wàásù!

Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ sọ Ojúde Ọba di nǹkan ńlá lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ní 2024 gbogbo yín lẹ gbé fọ́tò ọkùnrin orí ẹṣin yẹn kiri, tòun ti sìgá lẹ́nu. Farooq Oreagba. Ẹ tún orúkọ yẹn kà. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe ọdún náà, torí àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú ló ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀. Fújì tí ẹ ń jó ńkọ́? Inú wéré tí wọ́n fi ń jí èèyàn sí sààrì ni Barrister ti yọ ọ́.

Orin wa dáa, ẹṣin wa dáa, àgbò wa dùn. Àwa gan-an ni ìṣòro.

Ilé iṣẹ́ kan pè mí fún ìpolówó lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ní ohùn mi wu àwọn, àmọ́ ṣé mo lè ṣí orí díẹ̀, torí "ojú Yorùbá gidi" làwọn ń wá. Mo dìde, mo wọ ọkọ̀ padà sílé. Mo nílò owó yẹn o, ẹ má rò pé mi ò nílò ẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá ní "ṣebí a jọ ń jẹ ẹran Iléyá", mo gbọ́. Ìbátan ìyá mi tó jẹ́ díákónì máa ń jẹ ẹ́, èmi náà máa ń jẹ ráìsì Kérésì tiwọn. Ọ̀rọ̀ ẹran kọ́ la ń sọ.

Kò sì bẹ̀rẹ̀ lórí mi. Sùlèmọ́nù ni wọ́n sọ bàbá bàbá mi. Ilé ìwé míṣọ́n kan sọ ọ́ di Solomon kó tó ríbi jókòó. Ara ohun tó mú kí wọ́n dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ l'Ékòó ní 1923 nìyẹn, kí ọmọ Mùsùlùmí lè kàwé láìpààrọ̀ orúkọ. Ní 2016, tí ilé ẹjọ́ ní Ọ̀ṣun ní ká wọ hìjáàbù lọ sílé ìwé, àwọn ọmọ kan wọ aṣọ kọ́ayà lọ sí kíláàsì ní Ìwó wa níbẹ̀. Mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdírì nígbà náà. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí mo mọ̀ lára àwọn ọmọ yẹn, a jọ ń pọn omi ni.

Ó yá, ẹ̀yin ará mi tí ẹ ti ń pariwo "Allahu Akbar" lábẹ́ tred yìí, ó kàn yín. Ní 2023, àwọn kan lọ bá ìyá onísẹ̀ṣe kan nílé ẹ̀ n'Ílọrin pé kò gbọdọ̀ ṣe ọdún Ìṣẹ̀ṣe. Púpọ̀ nínú yín pàtẹ́wọ́. Kí lẹ wá fẹ́ kí n sọ fún ẹni tó ń bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ Yorùbá? Ìyá yẹn náà, ilé bàbá ẹ̀ ló wà. Ẹ ò lè máa sunkún pé wọ́n ń ṣe yín bí àlejò l'Ékòó kí ẹ sì máa lé onílé n'Ílọrin. Ẹ bú mi tí ẹ bá fẹ́, mi ò ní pa á rẹ́.

Ẹni tó béèrè, mi ò bínú sí ẹ. Fídíò tó kàn máa jáde ní Jímọ̀. Lórí "àlùbọ́sà" ni. Wá gbọ́ ibi tí òun náà ti wá.