Ọpọ́n Ayò Ni Mo Fi Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn fún ìgbà díẹ̀. Àbúrò mi kan ń lọ sí iléèwé girama létí ọ̀sà, ní Ògùn Waterside. Ó gba máàkì tó dára nínú ìdánwò kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ni kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí láyé rẹ̀. Àwòrán ni olùkọ́ yà sójú pátákó, tí àwọn ọmọ dà kọ. Èmi kò dá olùkọ́ lẹ́bi. Níbi tí kò ti sí iná, tí kò ti sí ẹ̀rọ, kí ni yóò fi kọ́ wọn? Ṣùgbọ́n ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìlànà jáde lórí kíkọ́ kọ̀ǹpútà nílé ìwé. Ẹ bá mi ṣírò iye ọdún tó ti lọ.

Lójú tèmi, kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ló yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ mọ̀ bí kò ṣe bí a ti ń pàṣẹ fún un. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́n. Ohun tí a bá ní kó ṣe gan-an ni yóò ṣe.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀ níwájú ilé wa. Mo ní èmi ni kọ̀ǹpútà, kí àwọn ọmọ máa pàṣẹ fún mi. Ọ̀kan ní, "Ẹ ta ayò." N kò mira. Òmíràn ní, "Ẹ kó ọmọ ayò inú ilé kẹta lọ́dọ̀ yín." Mo kó mẹ́rin. "Ẹ máa jù wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ilé tó tẹ̀lé e." Mo jù wọ́n tán, mo sì tún ń na ọwọ́ òfìfo láti ilé dé ilé. Ẹ̀rín sọ! Àwọn ọmọ wo ara wọn, wọn kò mọ ohun tó kù. Ọwọ́ ọmọdé kò kúkú tó pẹpẹ. Bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló dá wọn lóhùn pé, "Ẹ kò sọ ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró. Ẹ ní níwọ̀n ìgbà tí ọmọ ayò bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀." Ohun tí wọ́n ń fi odidi kíláàsì kọ́ ní yunifásítì ni Bàbá sọ yẹn, lórí ẹní.

Àwọn kan ní Àgọ́-Ìwòyè níhìn-ín yóò ní, kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú èyí? Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Anuoluwapo Karounwi ti ṣe èdè kan tí ó ń jẹ́ Yorlang, èyí tí a fi ń kọ "sọ pé" àti "jẹ́ kí" sí kọ̀ǹpútà dípò ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní New Zealand, Tim Bell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi káàdì lásán kọ́ àwọn ọmọdé ní irú ẹ̀kọ́ yìí, láìlo ẹ̀rọ rárá. Àwa tí a ní ayò ńkọ́?

Ìjẹ̀bú-Igbó kò jìnnà sí wa. Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ politẹ́kíníìkì tó wà níbẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, kí a sì pe àwọn àgbàlagbà náà. Lẹ́yìn náà kí a kọjá sí Ògùn Waterside. Kí ìjọba má sì fi èyí ṣe àwáwí o: ọpọ́n ayò kì í ṣe kọ̀ǹpútà, iná kò sì lè máa jẹ́ ohun tí à ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ nìkan.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀, àbúrò mi bi mí bóyá kọ̀ǹpútà gidi yóò dáwọ́ dúró bí òun bá sọ ohun tí Bàbá sọ yẹn fún un. Mo ní yóò dúró. Kò tíì rí i.