Ta Ni Ó Fi Ìgbín Ṣe Èèwọ̀ Fún Aboyún?



Ní ọ̀pọ̀ agboolé ilẹ̀ Yorùbá títí di òní, wọ́n ṣì ń kìlọ̀ fún aboyún pé kò gbọdọ̀ jẹ ìgbín, kí ọmọ rẹ̀ má baà máa da itọ́. Pé kò gbọdọ̀ jẹ ẹyin, kí ọmọ má baà di olè. Bí nọ́ọ̀sì bá ta ko èyí, àwọn kan nínú wa a máa dìde pé wọ́n tún fẹ́ ba àṣà jẹ́. Èmi kò gbà pé àṣà ni wọ́n ń gbèjà.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ìgbín yẹ̀ wò. Ohun ìbọ Ọbàtálá ni. Ọbàtálá yìí kan náà ni a gbà pé ó ń mọ ojú, imú àti ọwọ́ ọmọ nínú ìyá rẹ̀. Omi inú ìgbín ni a fi ń wá ẹ̀rọ̀. Báwo ni ohun tí a fi ń bọ Alámọ̀ rere ṣe wá di ohun tí yóò ba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́? Ẹ bi ẹni tí ó ń kìlọ̀ náà léèrè odù tí ó ti gbọ́ ọ. Yóò ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe bá a.

Èèwọ̀ tòótọ́ ní ẹni tí ó ni ín. Ó lè jẹ́ ti ìdílé. Ó lè jẹ́ ti òrìṣà, bí ẹmu ti jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn olùsìn Ọbàtálá. Ó sì lè jẹ́ ti odù tí ó jáde nígbà tí wọ́n ń wo àkọsẹ̀jayé ènìyàn. N kò ní kí ẹnikẹ́ni jẹ èèwọ̀ rẹ̀ nítorí oyún. Ṣùgbọ́n èyí tí a nà lé gbogbo aboyún ìlú lórí láìbi Ifá, ti ta ni? (Mo tilẹ̀ fura pé ẹran ni ó ṣọ̀wọ́n láyé ọjọ́un, tí a sì fẹ́ kí àwo baálé kún.)

Ẹ̀jẹ̀ ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà oyún, ẹ̀jẹ̀ ara obìnrin a máa pọ̀ sí i gidigidi, èròjà irin ni ara sì fi ń ṣe é. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí aboyún máa lo èròjà irin mílígíráàmù 30 sí 60 lójúmọ́, pẹ̀lú folic acid. Ìgbín ní irin yìí. Ẹran àti ẹja ní in. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ náà ní in, bí ara kì í tilẹ̀ tètè gba tiwọn àfi bí a bá jẹ ọsàn tẹ̀ lé e. Tíì kì í jẹ́ kí ara gbà á dáadáa. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kéré kí ó tó rọbí, bí ẹ̀jẹ̀ bá tún ya lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, kí ni yóò fi dúró?

Agbo tí a fi ọtí rẹ kì í ṣe ti aboyún, ẹni yòówù kí ó pò ó, nítorí ọtí náà ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni amọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà fún aboyún láti máa jẹ nítorí èébì: wọ́n ti rí òjé nínú rẹ̀. Olùsìn Ọbàtálá a máa fi òjé sí ọrùn ọwọ́. Kò sí ẹni tí ó ní kí a gbé e mì.

Ohun tí mo ń bẹ̀ àwọn babaláwo àti ìyánífá wa kò pọ̀. Bí èèwọ̀ oúnjẹ bá jáde fún aboyún, kí wọ́n dárúkọ oúnjẹ tí yóò rọ́pò rẹ̀ ní ìjókòó kan náà. Obìnrin tí Ifá gba ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dìde lórí ẹní láìjẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ti mọ irú ẹja tí yóò rà lọ́jà lọ́la.