Ọkọ̀ kékeré tó gbé oníròyìn la òkun já, ọkọ̀ ńlá ló gbé òun náà wálé!

Ẹni tó bá rin ìrìn àjò tó kàmàmà, ibi tó dé ni gbogbo ayé máa ń pariwo. Wọ́n á ya fọ́tò ẹ̀, wọ́n á lọ pàdé ẹ̀ létí omi, olórí ìlú á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Báwo ni ẹrù ẹ̀ ṣe wá délé o? Ìyẹn ò kan ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà nínú ìtàn Ọ̀gbẹ́ni Robert Manry, ọmọ Amẹ́ríkà tó wọnú ọkọ̀ ojú omi kan tí kò gùn tó mọ́tò dánfó, tó sì fi dá nìkan la Òkun Àtìláńtíìkì kọjá ní 1965.

Ẹ má rò pé ọmọ ogun ojú omi ni, kì í sì í ṣe apẹja. Oníròyìn ni baba náà. Iṣẹ́ ẹ̀ nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Plain Dealer, nílùú Cleveland, ni kó máa tún ìròyìn táwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bá kó wá ṣe, kó yọ àṣìkọ kúrò, kó wá àkọlé tó máa bá a mu. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí mọ̀ pé orúkọ àwọn tó ń ṣe é kì í jáde nínú ìwé. Ẹlòmíì ló ń gbayì, àwọn ló ń fọ ojú. Orílẹ̀-èdè India ni wọ́n bí i sí ní 1918. Virginia ni orúkọ ìyàwó ẹ̀, wọ́n bí ọmọ méjì, obìnrin kan, ọkùnrin kan. Ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Willowick, létí adágún Erie, ni wọ́n ń gbé.

Ní 1958, Manry ra ọkọ̀ onígbòkun àlòkù kan ní dọ́là 160. Onípákó ni, ó ti tó ọgbọ̀n ọdún, gígùn ẹ̀ ò ju ẹsẹ̀ bàtà 13 àtààbọ̀ lọ. Ó tún un ṣe, ó kan yàrá kóńkó kan sí i lórí, ó sọ ọ́ ní Tinkerbelle. Orí adágún ni òun àti ìdílé ẹ̀ ti ń fi gbafẹ́.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ níbi iṣẹ́ ni pé òun àti ọ̀rẹ́ òun kan fẹ́ jọ wa ọkọ̀ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 25 lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fún un láyè. Àfi bí ọ̀rẹ́ ṣe ní òun ò lọ mọ́! Ẹlòmíì, á kàn padà sídìí tábìlì ẹ̀ ni. Manry ò padà. Ó fọkàn sí i pé Tinkerbelle lòun máa gbé lọ, òun nìkan, kò sì tú àṣírí náà fún àwọn ará ibi iṣẹ́. Wọ́n ṣì rò pé èèyàn méjì ló ń lọ. Virginia mọ̀ ní tiẹ̀. Àwọn kan á ní irú obìnrin wo nìyẹn, tí ọkọ ẹ̀ fẹ́ gbé pósí lọ sójú òkun tí kò so mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹ rọra o. Obìnrin yẹn mọ irú ẹni tó fẹ́, ó sì mọ̀ pé bí òun bá dá a dúró, ara ẹ̀ nìkan ló máa wà nílé.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ní oṣù karùn-ún ọdún 1965, wọ́n gbé Tinkerbelle sórí tírélà, wọ́n so ó mọ́ ìdí mọ́tò, ó di Falmouth ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, níbi tí òkun wà. Ìrìn orí títì yẹn ju 600 máìlì lọ. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tírélà yìí dà yín láàmú, kì í ṣe tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì. Férémù irin kékeré kan ni, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní sitiárìn, ibi tí mọ́tò iwájú bá wọ́ ọ lọ ló ń lọ.

Ẹni tí kò bá ṣe é rí á ní kí ló le níbẹ̀. Ó le o! Tí awakọ̀ bá fẹ́ rìfáàsì, tó yí sitiárìn sọ́tùn-ún, òsì ni ìdí tírélà máa kọrí sí. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń pe ara ẹ̀ ní ọ̀gá awakọ̀ ni nǹkan yìí ti dójú tì létí omi, níwájú ìyàwó àtàwọn ọmọ. Ẹrù inú ọkọ̀ náà kò ṣeé tò bákan ṣá. Nínú gbogbo ìwọ̀n ẹrù tí wọ́n ń wọ́, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ló yẹ kó tẹ ìkọ́ tó wà nídìí mọ́tò. Bí ẹrù bá pọ̀ jù lẹ́yìn, ìrù tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún, á máa fa mọ́tò dání, bí awakọ̀ bá sì sáré tẹ bíréèkì, kòtò lè gbà wọ́n. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ yọ òpó ọkọ̀, kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ pẹ̀lú bẹ́líìtì, kí wọ́n so iná ẹ̀yìn àti tíráfíkétà mọ́ ọn, nítorí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò lè rí ti mọ́tò iwájú mọ́.

Àmọ́ àbọ̀ ló máa ń fìyà jẹ èèyàn jù. Bíárìn ló ń fa ìyẹn. Nígbà tí wọ́n bá ń ti ọkọ̀ sómi, ẹsẹ̀ tírélà náà máa ń wọ inú omi. Bíárìn tó ti gbóná fòò lójú títì á ṣàdéédéé bọ́ sínú omi tútù, á fa omi iyọ̀ sínú, gírísì á bà jẹ́. Wọ́n á wá wọ́ ọ jáde, wọ́n á gbé e jókòó síbì kan fún oṣù méjì, mẹ́ta, tí ọlọ́kọ̀ ń jayé lórí omi. Oòrùn ń pa táyà, bíárìn ń dógùn-ún, ẹnikẹ́ni ò wo ibẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ kan máa yọ dànù lójú títì. Èèyàn á la ìjì já lójú òkun, á wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì máa dúró de mẹkáníìkì.

Ti Manry tún wá yàtọ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ló gbéra ní Falmouth, ọjọ́ kejì ló pé ọmọ ọdún 47. Lẹ́tà ló fi jẹ́ káwọn ará ibi iṣẹ́ mọ̀ pé òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀, ìgbà tí lẹ́tà sì máa fi dé ọwọ́ wọn, baba ti kúrò nílẹ̀. Ọjọ́ 78 ló lò lójú omi, nǹkan bí 3,200 máìlì. Oorun ò tó o, ó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn tí kò sí níbẹ̀, tó ń gbọ́ ohùn. Ìgbì gbé e jù sómi ju ìgbà kan lọ, okùn tó so mọ́ra ẹ̀ ló fi ń fa ara ẹ̀ padà. Ìtọ́kọ̀ ẹ̀ kán, ó tún un ṣe lójú òkun níbẹ̀. Ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ológun Amẹ́ríkà tiẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ṣe é ní hàà!

Òfófó tó wà níbẹ̀ rèé. Ọ̀gbẹ́ni tó ń bá Plain Dealer ṣiṣẹ́ ló ń ṣe nǹkan tí gbogbo ayé ń sọ, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀? Plain Dealer ni. Ṣùgbọ́n Bill Jorgensen, oníròyìn tẹlifíṣàn WEWS ní Cleveland níbẹ̀, ti lọ háyà ọkọ̀ apẹja ní etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wá Manry lọ sójú agbami, ó rí i, ó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò kó tó gúnlẹ̀ rárá. Ẹni tí wọ́n jọ ń fa ìròyìn ló gba ẹran lẹ́nu wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ṣiṣẹ́ ìròyìn rí, ẹ fọkàn yàwòrán bí ọjọ́ yẹn ṣe rí nínú ọ́fíìsì Plain Dealer.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹjọ, 1965, ni Tinkerbelle wọ èbúté Falmouth. Bẹ́ẹ̀ ni o, Falmouth náà ni, àmọ́ èyí tó wà ní Cornwall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Falmouth ló ti gbéra, Falmouth ló gúnlẹ̀ sí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló kún etí omi, ọkọ̀ rẹpẹtẹ ló jáde lọ pàdé ẹ̀, tí wọ́n ń fọn fèrè. Virginia àtàwọn ọmọ méjèèjì ti wá dúró dè é. Ẹni tó ń tún ìròyìn ẹlòmíì ṣe láàárín òru ti wá di ìròyìn.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ìbéèrè tó kù kò ju ẹyọ kan lọ: báwo la ṣe fẹ́ gbé ọkọ̀ yìí padà? Mọ́tò tó wọ́ ọ wá sétí òkun wà ní Amẹ́ríkà. Tírélà wà ní Amẹ́ríkà. Gbogbo ohun tí ọkọ̀ náà fi ń rìn lórí ilẹ̀ ló wà ní òdìkejì omi.

Àwọn kan á ní ṣebí omi ló gbé e wá, kí omi náà gbé e padà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lòkun ṣe rí. Ní apá àríwá òkun yẹn tí Manry gbà lọ, láti ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti máa ń fẹ́ jù. Ó ń ti ọkọ̀ tó bá ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn, èyí tó bá ń padà sí Amẹ́ríkà, ojú ló máa ń fẹ́ ẹ sí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìgbòkun padà, á kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lọ sí erékùṣù Caribbean. Ọ̀nà tí Columbus gbà nìyẹn ní 1492. Ọ̀nà jíjìn ni, oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án sì ni ìjì ńlá máa ń jà níbẹ̀ jù. Ìyàwó wà níwájú ẹ̀, ọmọ wà níwájú ẹ̀, iṣẹ́ ń dúró dè é. Àbí ẹni tí òkun ti gbé jù lọ́pọ̀ ìgbà á tún wojú aya ẹ̀ kó ní òun ń padà síbẹ̀?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń rin irú ìrìn yìí, tí wọ́n bá débẹ̀ tán, wọ́n á ta ọkọ̀ náà síbẹ̀. Owó àtigbé e padà máa ń ju owó ọkọ̀ fúnra ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá rántí pé dọ́là 160 ni Manry ra tiẹ̀, ìṣirò tí ò le ni. Kò tà á. Èèyàn lè ta ọkọ̀ tó fi gbafẹ́, àmọ́ èyí tó di mọ́ nínú òkùnkùn lójú agbami, tó sì ń bá sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ojú wo ló fẹ́ fi ta ìyẹn?

Queen Mary ni wọ́n bá lọ. Ẹni tó mọ ìtàn ọkọ̀ ojú omi á mọ orúkọ yẹn. Láti 1936 ló ti ń kó èrò láàárín Southampton àti New York, gígùn ẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1,019. Tí wọ́n bá to irú Tinkerbelle 75 tẹ̀ léra, ìyẹn ló máa bá Queen Mary dọ́gba! Manry, Virginia, àwọn ọmọ, wọ́n wọlé gẹ́gẹ́ bí èrò, Tinkerbelle wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹrù. Ibi tó fi ọjọ́ 78 rìn, nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún ni Queen Mary fi ń rìn ín. Ó jókòó sórí àga, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá bá a, omi tó fẹ́ẹ̀ gbẹ̀mí ẹ̀ sì ń kọjá nísàlẹ̀ bí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí. Àwọn kan máa ń ka irú àbọ̀ yẹn sí ìtìjú fún ọlọ́kọ̀. Ìtìjú kankan ò sí níbẹ̀ jàre. Ohun tó jáde lọ ṣe, ó ti ṣe é. Ó kù kó délé.

New York sì kọ́ ni ilé. Ó ṣì ku ilẹ̀ tó ju 400 máìlì lọ kí wọ́n tó dé Cleveland.

Ní 1966, Manry kọ ìwé nípa ìrìn náà, ó sọ ọ́ ní orúkọ ọkọ̀ ẹ̀. Ní 1967, ó ra ọkọ̀ mìíràn tó tóbi, ẹsẹ̀ bàtà 27, Curlew lorúkọ ìyẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dá lọ. Òun, Virginia, Robin àti Douglas ni wọ́n jọ kó sínú ẹ̀, wọ́n gba odò àti etíkun yí apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà po, ó gbà wọ́n tó ọdún kan, omi ni wọ́n sì gbà lọ, omi ni wọ́n gbà bọ̀.

Ní 1969, ìjàǹbá mọ́tò pa Virginia. Obìnrin tó fi ọjọ́ 78 ń retí ìròyìn láti ojú òkun, orí títì ló kú sí. Ní oṣù kejì ọdún 1971, àìsàn ọkàn pa Manry, ọmọ ọdún 52. Queen Mary ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láti 1967, Long Beach ní California ni wọ́n so ó mọ́. Tinkerbelle wà lọ́wọ́ Western Reserve Historical Society, ní Cleveland níbẹ̀.