Kí Ẹ̀kọ́ Kẹ́mísírì Wọ Inú Ọgbà Ilé Iṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí bá àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń di ìwé ẹ̀rí yunifásítì mọ́ra lọ sí ẹnu ọ̀nà àwọn ilé iṣẹ́ ní Kudenda, ní gúúsù Kaduna, mu rẹ́gí. Aṣọ ìmọ̀ wà lọ́rùn wọn. Àkísà ìrírí ni wọn kò ní. Nígbà tí iṣẹ́ kò bá yá, àwọn mìíràn a padà lọ gba oyè kejì tí wọ́n ń pè ní másítà, àwọn òbí a sì tún tu owó jọ. Bí wọ́n bá gboyè náà tán, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọn yóò padà sí, ìbéèrè kan náà ni yóò sì pàdé wọn níbẹ̀: níbo ni wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí?

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀ nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì. Ìyá aláró ní Abẹ́òkúta tàbí ní Òṣogbo kì í fi ẹnu lásán kọ́ ọmọ rẹ̀. Ìdí ìkòkò ni ọmọ náà ti ń mọ ìgbà tí omi eérú mú tó, ìgbà tí ẹlú jinná, àti ìgbà tí aró kò ní í mú aṣọ mọ́. Irú iṣẹ́ kan náà, ní ìwọ̀n tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ni ti ilé iṣẹ́ aṣọ. Gbogbo aró kọ́ ni í wọ inú òwú. Ìyókù a bá omi ìdọ̀tí lọ. Bí aró yóò ṣe wọ̀ dáadáa, tí omi náà yóò sì mọ́ kí ó tó dé odò, iṣẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì ni. Ìgò kékeré inú yàrá ìwádìí nìkan kò lè kọ́ ni tán.

Ìjọba àpapọ̀ ti rí èyí tipẹ́. Ní 1971 ni wọ́n dá Industrial Training Fund sílẹ̀; ní 1973 ni ètò SIWES bẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ sí I.T. Oṣù mẹ́rin ni ti ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, oṣù mẹ́fà ni ti yunifásítì. Ètò tí ó dára ni, ṣùgbọ́n ìpele oyè àkọ́kọ́ ni ó mọ. Ní ìpele másítà, ìwé àpilẹ̀kọ ni olórí iṣẹ́, orí pẹpẹ ilé ìkàwé ni púpọ̀ nínú wọn sì ń sùn sí.

Ní Yunifásítì Oregon ní Amẹ́ríkà, ètò másítà kan wà tí ó gba ọ̀nà mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ a kọ́kọ́ kọ́ ohun tí iṣẹ́ ń fẹ́. Lẹ́yìn náà, yóò wà ní ilé iṣẹ́ fún oṣù mẹ́sàn-án, yóò sì máa gba owó. Ara oyè ni iṣẹ́ náà, kì í ṣe ènì.

Kaduna yẹ fún irú ètò bẹ́ẹ̀. Yunifásítì Ahmadu Bello ti wà ní Zaria láti 1962; Kaduna Polytechnic ti wà láti 1968; ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ìmọ̀ kẹ́míkà náà wà ní Zaria. Ilé ìfọpo Kaduna bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1980, odò Romi ni omi ìdọ̀tí rẹ̀ sì máa ń ṣàn sí nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, kí ó tó dé odò Kaduna. Ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe lórí omi wọ̀nyí nìkan kò lóǹkà.

Ẹnìkan lè wí pé ilé iṣẹ́ dà? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Kaduna Textiles, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1957, ti ìlẹ̀kùn ní 2002. United Nigerian Textiles tì í ní 2007, ó sì tún ṣí i ní 2010. Nítorí náà, iye àyè tí ilé iṣẹ́ bá fi ọwọ́ sí ni kí yunifásítì fi gba akẹ́kọ̀ọ́, ìbáà ṣe márùn-ún péré. Ilé ọtí, ilé ìyẹ̀fun, ilé ọ̀dà àti ilé omi ẹ̀rọ pàápàá ń lo onímọ̀ kẹ́mísírì. Kí wọ́n san owó fún akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n sì dáàbò bo ẹ̀mí rẹ̀, kí ìkọ́ṣẹ́ má baà di ìkóṣẹ́jẹ.

Ohun kan tún kù tí ó kan àwọn Yorùbá tí ń gbé ní òkè ọya. Ọmọ tí wọ́n bí sí Kakuri, tí ó kàwé ní Kaduna, ni wọ́n ń béèrè ìpínlẹ̀ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí àyè bá ṣọ̀wọ́n. Bí ètò yìí bá máa fìdí múlẹ̀, ìdánwò ni kí wọ́n fi yan akẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe orúkọ ìdílé. Ìkòkò aró kì í bèèrè ibi tí aláró ti wá. Ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n rẹ ni ó mọ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Yunifásítì kò lè dá onímọ̀ kẹ́mísírì kọ́ láìsí ilé iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tí ó bá sì kọ̀ láti kọ́ni kò gbọdọ̀ ráhùn pé kò sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́. Kí òbí tí ó bá fẹ́ san owó másítà kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ pé ilé iṣẹ́ wo ni ọmọ òun yóò wọ̀. Ìdáhùn tí ó bá gbà ni kí ó fi mọ̀ bóyá kí ó tú àpò rẹ̀.