Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Fọwọ́ Kan Ilẹ̀!

Ọ̀rọ̀ mi lè ta díẹ̀ lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀yin òbí ni mo fẹ́ bá jà, orí ewé lẹ́tíìsì sì ni ìjà náà wà.

Ọ̀pọ̀ wa ló ní ọgbà lẹ́yìn ilé ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Manchester, ní Houston. Koríko lásán ló wà níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá ní kí a gbin nǹkan sí i, a ó ní, "Ṣé oko ni mo wá dá níbí ni? Bàbá mi ti dáko tó!" Àwọn ọmọ ń gbọ́ o. Ohun tí wọ́n ń kọ́ lẹ́nu wa ni pé iṣẹ́ ìyà ni iṣẹ́ ilẹ̀. Tó bá wá di Sátidé, a ó gbé ìwé a-b-d kalẹ̀, a ó ní kí wọ́n wá kọ́ èdè àwọn àgbẹ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ wù wọ́n?

Ẹ wo èdè wa ná. A ń wa iṣu. A ń ya àgbàdo. A ń já ẹ̀fọ́. A ń ká ata. A ń kọ ẹyìn. Ọmọ tí kò já ewé kan rí láyé rẹ̀, kí ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà "já" ṣe? Ó lè há a sórí lónìí, yóò gbàgbé rẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n èyí tó fọ́n irúgbìn fúnra rẹ̀, tó bomi rin ín, tó sì já a, kò ní gbàgbé.

Ẹnìkan á ní, "Lẹ́tíìsì kì í ṣe oúnjẹ Yorùbá. Kí ló dé tí a ò gbin tẹ̀tẹ̀?" Tẹ̀tẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ooru ló fẹ́. Lẹ́tíìsì fẹ́ràn ibi tó tutù, ó sì tètè hù, ọmọdé ò sì ní sùúrù. Àti pé, ṣé ẹ rántí ẹ̀fọ́ yánrin? Mọ̀lẹ́bí lẹ́tíìsì ni! Nígbà kan rí, Lactuca ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe àwọn méjèèjì, kí wọ́n tó kó yánrin sábẹ́ Launaea. Inú ọ̀rọ̀ Látìnì fún wàrà ni orúkọ Lactuca ti wá. Ẹ ṣẹ́ ìdí lẹ́tíìsì tó ti gbó, ẹ ó rí oje funfun. Yánrin náà ní in. Ewúro pàápàá wà nínú ẹbí ńlá yìí.

Ó yá, ẹ̀yin ọmọ, bí a ṣe ń ṣe é nìyí:

1. Tú ilẹ̀ kí ó kúnná. Ṣa òkúta kúrò.
2. Fa ìlà tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Fọ́n irúgbìn sí i, kí o fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó fẹ́ẹ́rẹ́.
3. Bomi rin ín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ní nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10, yóò hù.
4. Bí wọ́n bá fún ara wọn jù, fa díẹ̀ tu.
5. Ṣọ́ ìgbín lálẹ́, pàápàá èyí tí kò ní ìkarahun. À ń gbìn, ìgbín ń jẹ! Ṣé ẹ gbọ́ ohùn méjèèjì?
6. Já ewé ẹ̀gbẹ́, fi ti àárín sílẹ̀. Yóò tún rú.

Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹta. Ẹ̀yin ará Houston, ẹ dúró di oṣù kẹwàá, torí pé bí ilẹ̀ bá gbóná jù, irúgbìn lẹ́tíìsì á kàn sùn sínú ilẹ̀ ni. Bí ooru bá sì mú èyí tó ti dàgbà, yóò yọ òdòdó, ewé rẹ̀ yóò korò.

Mo ti ń gbọ́ àwáwí yín. "Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù, kò wọ́n." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù kì í ta ọ̀rọ̀ Yorùbá mọ́ ọn. "A ò ní ọgbà." Garawa àtijọ́ ńkọ́? Ẹ dá ihò sí ìdí rẹ̀, ẹ gbé e síbi tí oòrùn ń dé. "A ò ráàyè." Ìṣẹ́jú 20 lọ́jọ́ Sátidé ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, kí ẹ má sì sọ Gẹ̀ẹ́sì kankan nídìí ewé yẹn.

Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyí. Ìyá àgbà á pè láti ilé. Ọmọ á ní, "Ẹ káàsán mà." Wọ́n á ní, "Ṣé dáadáa ni?" Á ní, "Dáadáa ni." Ó tán! Á ti gbé fóònù fún ìyá rẹ̀. Kì í ṣe pé ọmọ náà kò fẹ́ràn ìyá àgbà. Kò ní ohun tí wọ́n jọ mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bó bá lè sọ pé, "Ìyá àgbà, ẹ̀fọ́ mi ti hù!", ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀: Ṣé o bomi rin ín? Kòkòrò ò jẹ ẹ́? Ìgbà wo lo máa já a? Ìyá àgbà ò ní wà títí láé, ẹ̀yin òbí. Ẹ má jẹ́ kí "dáadáa ni" jẹ́ gbogbo ohun tí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlà kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ àṣetiléwá fún àwọn ọmọ: fi fọ́n, hù, rú àti já ṣe gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ti òbí: ẹ ra irúgbìn.

Ó dàbọ̀ o!